Kojo Tovalou Houénou, ọmọ Àjàṣẹ́, àti àwọn tó gba ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀

Ọdún 1887 ni wọ́n bí Kojo Tovalou Houénou ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Oníṣòwò ńlá ni bàbá rẹ̀, olówó gidi, tí òun àti àwọn Faransé mọwọ́ ara wọn dáadáa. Ní 1900 ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa kàwé ní Bordeaux. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó di agbẹjọ́rò ní 1911. Nígbà tí ogun 1914 dé, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì fara pa níbẹ̀. Ní 1915 wọ́n sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ Faransé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ní Paris, aṣọ rẹ̀ máa ń dáa, àwọn òǹkọ̀wé àti òṣèré ló ń bá rìn, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọba, ẹbí Béhanzin. Ká má parọ́, àwa tí a wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ níhìn-ín, tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ jà, tó kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, orúkọ yẹn kì í dùn létí wa. Àmọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe lẹ́yìn náà kọjá ọ̀rọ̀ ààfin.

Ní 1923, ó wà nílé ọtí kan ní Montmartre. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó wá ṣeré sọ pé àwọn kò lè jókòó sí ibi tí aláwọ̀ dúdú bá wà. Wọ́n lù ú, wọ́n sì jù ú síta. Agbẹjọ́rò ni o, ọmọ onílẹ̀ Faransé ni, ó ti jagun fún wọn! Ọ̀rọ̀ náà di ariwo nínú ìwé ìròyìn, ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba Poincaré pàápàá. Láti ọjọ́ náà ni Houénou ti rí i pé ìwé tó wà lápò òun kò bo awọ òun.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1924, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Paris, Ligue universelle de défense de la race noire. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti gbèjà àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó wà ní ilẹ̀ Faransé àti àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn nílé. Wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn kan, Les Continents, tí René Maran ń kọ̀wé sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Houénou kọjá sí New York, sí ìpàdé ńlá Marcus Garvey. Ìjọba Faransé kò fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn rárá.

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ nìyí. Ní oṣù kẹwàá, Les Continents kọ ọ́ pé Blaise Diagne, aṣòfin Sẹ̀nẹ̀gà, gba owó lórí orí kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ Áfríkà tó kó lọ sójú ogun. Diagne pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù kọkànlá, ilé ẹjọ́ dá Diagne láre. Kí ọdún tó parí, ìwé ìròyìn ti kú. Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ Houénou kúrò láàárín àwọn agbẹjọ́rò Paris, ó sì padà sí Áfríkà, níbi tí ọlọ́pàá ti ń ṣọ́ ọ.

Lójú tiwa, ẹjọ́ Diagne nìkan kọ́ ló pa ẹgbẹ́ yìí. Orúkọ ẹnì kan àti owó ilé bàbá ẹnì kan ló dúró lé. A mọ irú rẹ̀ láàárín wa: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí àpótí owó àti òǹtẹ̀ rẹ̀ wà nínú yàrá ààrẹ. Houénou kò fi ẹnikẹ́ni sípò kó tó lọ. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó gbé e dìde wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Nígbà ẹjọ́ Diagne, ṣójà àtijọ́ kan ti wá jẹ́rìí fún ìwé ìròyìn náà. Lamine Senghor lorúkọ rẹ̀, ọmọ Joal ní Sẹ̀nẹ̀gà. Gáàsì ogun ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ó wá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Paris. Ní 1926 ó dá Comité de défense de la race nègre sílẹ̀. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Houénou ní noire. Senghor mú nègre, ọ̀rọ̀ èébú gan-an, ó fi ṣe àsíá. Kò wá àwọn olówó kiri. Èbúté Marseille, Bordeaux àti Le Havre ló lọ, sọ́dọ̀ àwọn atukọ̀, àwọn tó ń ru ẹrù, àwọn ṣójà tí wọ́n ti gbàgbé. Àwọn yẹn kò ní ìwé ọmọ onílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kọ nípa wọn bí wọ́n bá lù wọ́n nílé ọtí.

Àmọ́ ìjà bẹ́ sílẹ̀. Senghor wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò sì fẹ́ kí owó tàbí àṣẹ wá láti ibẹ̀. Ní 1927 ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Senghor àti Tiemoko Garan Kouyaté, olùkọ́ bíi tiwa, ọmọ Ségou, jáde lọ dá Ligue de défense de la race nègre sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa Senghor. Ìyàtọ̀ sí ti 1924 ni pé ẹgbẹ́ kò bá a lọ sí sàréè. Kouyaté gbà á lọ́jọ́ náà lọ́jọ́ náà, ìwé ìròyìn wọn La Race nègre ń jáde, àwọn ẹ̀ka èbúté sì wà níbẹ̀. Òun náà bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà nígbà tó yá, ẹgbẹ́ tún fọ́. Síbẹ̀ àwọn atukọ̀ kò padà sílé láìní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn.

Houénou ní tirẹ̀ lọ gbé ní Dakar. Inú rẹ̀ kò yọ́ sí Diagne rí: ní ìdìbò 1928, Galandou Diouf tó ń bá Diagne du ipò ló tì lẹ́yìn. Ní 1932 ó fẹ́ Roberta Dodd Crawford, akọrin aláwọ̀ dúdú láti Texas. Ní 1936 wọ́n tún tì í mọ́lé ní Dakar, ibà tífọ́ídì sì mú un nínú ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ló kú sí, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ní ọdún yẹn kan náà, Kouyaté ṣì wà ní Paris, ó ń tẹ ìwé ìròyìn mìíràn tó pè ní Africa.