James Robinson, pásítọ̀ tó kó akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà wá ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní Áfíríkà

Lọ́dún 1958, nígbà tí Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 60 wọ bàálù láti Amẹ́ríkà wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọn ò wá ṣe fàájì, wọn ò sì wá wàásù. Nàìjíríà, Gánà, Làìbéríà, Sierra Leone àti Kamẹrúùnù ni wọ́n pín ara wọn sí, tí àwọn àtàwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ jọ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, tí wọ́n jọ ń po sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó kó wọn wá ni Ẹni-ọ̀wọ̀ James Herman Robinson, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, pásítọ̀ ìjọ kan ní Harlem, New York.

Ọdún 1907 ni wọ́n bí i ní Knoxville, ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí òfin ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun. Òṣì ò jẹ́ kó tètè kàwé. Ó ti di ẹni ọdún 28 kó tó gboyè ní Yunifásítì Lincoln, ní Pennsylvania, lọ́dún 1935. Ẹ má fojú kékeré wo Lincoln o. Ibẹ̀ ni Nnamdi Azikiwe tiwa ti kàwé, ó tún ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ọdún tí Robinson jáde gan-an ni Kwame Nkrumah wọlé.

Lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ ìsìn lọ́dún 1938, ó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Church of the Master ní Harlem. Nígbà tó yá, ó wá ilẹ̀ sí Winchester, ní New Hampshire, ó sọ ọ́ di àgọ́ táwọn ọmọ Harlem ti ń lo ìsinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, funfun àti dúdú, ló ń yọ̀ǹda ara wọn láti bójú tó wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó ṣe lẹ́yìn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1954, ó rìnrìn àjò káàkiri Áfíríkà. Nígbà tó padà délé, kò sinmi. Ó ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sọ ohun tó rí fún àwọn ọ̀dọ́. Ọdún 1957 ló dá Operation Crossroads Africa sílẹ̀.

Ètò náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní láti wá lára owó ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀, ẹlòmíì á sì lọ máa tọrọ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀. Funfun àti dúdú, ọkùnrin àti obìnrin, ló jọ ń wà nínú ikọ̀ kan náà, lásìkò tí wọn ò lè jọ jókòó jẹun nílé oúnjẹ kan ní Knoxville tí wọ́n ti bí Robinson. Tí wọ́n bá dé abúlé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn kékeré tàbí ọ̀nà ni wọ́n máa ń ṣe. Àwọn onílé gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe é. Kò sí pé àlejò ń làágùn kí onílé máa wòran.

Ká sòótọ́, bíríkìlà abúlé á mọ ògiri tó gún ju ti ọmọ yunifásítì tí ò fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì rí. Kí ni wọ́n tiẹ̀ lè fi bí oṣù méjì ṣe parí? Àmọ́ kì í ṣe ògiri nìkan ni Robinson ń wá. Ó fẹ́ kí ọmọ Amẹ́ríkà bá ọmọ Áfíríkà ṣiṣẹ́, kó bá a jẹun, kó gbàgbé Áfíríkà inú sinimá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn lóṣù kẹwàá ọdún 1961 jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìjọba Amẹ́ríkà ti dá Peace Corps tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà. Ọmọbìnrin kan lára wọn, tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, ó bu ẹnu àtẹ́ lu bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé nígboro. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n pín in káàkiri, wọ́n sì fárígá. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì kúrò nílùú. Ó tó ẹni tó gbẹ́ kànga fún ọ, tó tún wá fi ẹnu bà á jẹ́.

Àmọ́ Peace Corps ò fọ́. Lọ́dún 1962, nígbà tí Ààrẹ John F. Kennedy gba àwọn ọmọ Crossroads lálejò ní White House, òun fúnra rẹ̀ sọ fún wọn pé ara iṣẹ́ tiwọn ni Peace Corps ti jáde. Láàárín ìgbà yẹn náà ni Robinson fi iṣẹ́ pásítọ̀ ní Harlem sílẹ̀ kó lè gbájú mọ́ Crossroads.

Ó kú lóṣù kọkànlá ọdún 1972, ní ẹni ọdún 65. Crossroads ṣì ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wá sí Áfíríkà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, 1973, ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àgùnbánirọ̀ tiwa.