John Philip Holland, Olùkọ́ tí ó Kan Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Ní Liscannor, létí òkun ilẹ̀ Ireland, ni a bí John Philip Holland ní ọdún 1841. Baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ etíkun fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. John kò ì tí ì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí àrùn pa ọ̀dùnkún inú oko, tí ìyàn ńlá sì mú. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó kú. Abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ni Ireland wà nígbà náà, ìbínú sì kún ọkàn ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀.

Ní ọdún 1858, Holland wọ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìjọ Àgùdà. Àìlera mú kí ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1873, níbi tí ó tún ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Paterson. Ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò ní ọkàn rẹ̀, èyí ni ọkọ̀ tí yóò máa rìn lábẹ́ omi bí ẹja.

Àwọn mìíràn ti dán an wò ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1864, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Hunley, tí a ń fi ọwọ́ yí, mú kí ọkọ̀ ogun kan rì. Òun náà kò padà dé, àwọn ọkùnrin mẹ́jọ inú rẹ̀ sì bá a lọ.

Ẹni tí ó bá ti pọn omi odò rí mọ̀ pé àkèrègbè òfìfo a máa léfòó, ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń wọ inú rẹ̀ ni yóò máa rì. Ọgbọ́n yìí ni Holland lò. Ó ṣe àgbá sínú ọkọ̀, èyí tí a lè gba omi sí kí ọkọ̀ wúwo, tí a sì lè fi atẹ́gùn ti omi náà jáde kí ó tún fúyẹ́. Nítorí pé ẹ̀rọ elépo kò lè ṣiṣẹ́ láìsí atẹ́gùn, nígbẹ̀yìn ó fi ẹ̀rọ elépo sí i fún ojú omi, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná inú bátìrì sí i fún abẹ́ omi.

Ní ọdún 1875, ó fi àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí. Àwọn ará Ireland tí ó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ni ó fún un ní owó. Ní ọdún 1878, ó fi ọkọ̀ kékeré kan rìn lábẹ́ odò Passaic, ó sì gbé èyí tí ó tóbi jù ú lọ sómi ní ọdún 1881. Nígbà tí ó yá, ìjà owó dé. Ní ọdún 1883, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà fa ọkọ̀ yìí lọ ní òru. Wọn kò mọ bí a ti ń wà á, Holland pẹ̀lú kò sì bá wọn da nǹkan pọ̀ mọ́.

Síbẹ̀ kò sinmi. Ní ọdún 1897, ọkọ̀ rẹ̀ kẹfà bọ́ sómi ní ìlú Elizabeth, níbi tí Lewis Nixon ti ń kan ọkọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, ọdún 1900, ìjọba Amẹ́ríkà rà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ Vickers ní Barrow kan irú rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ohun tí a fi owó àwọn ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ṣe di ohun ìjà Gẹ̀ẹ́sì. Agbára ilé iṣẹ́ Holland bọ́ sí ọwọ́ àwọn olówó, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1904. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ọdún 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe Holland ni ó kan ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì, ṣùgbọ́n irú ohun ìjà kan náà ni. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1915, wọ́n fi ri ọkọ̀ Falaba, tí ó kúrò ní Liverpool tí ó ń bọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì kú. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1917, wọ́n ri Apapa, tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Liverpool, ènìyàn 77 sì bá a lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, sùúrù Holland yẹ ní àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ ọ̀bẹ, kì í bá a lọ sí ibi tí a óò ti lò ó.