Amos Tutuola: Mẹ́séńjà tó gbé ẹmu ọ̀pẹ dé ìlú òyìnbó

Ní ìlú Florence, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ìdílé Antinori ti wà lẹ́nu òwò wáìnì láti ọdún 1385. Bí baba bá ti lọ, ọmọ á gbà á. Wáìnì àjàrà ṣeé tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹmu tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí adẹ́mu bá dá láàárọ̀ òní, ó ti kan kó tó di ọ̀la. Síbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá kan tó fi Ìbàdàn ṣe ilé rí ibi tọ́jú ẹmu sí. Inú ìwé ló tọ́jú rẹ̀ sí. Amos Tutuola ni orúkọ rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1920. Àgbẹ̀ kòkó ni àwọn òbí rẹ̀. Nítorí àìsówó, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan, ọ̀gá rẹ̀ sì rán an nílé ìwé dípò owó iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1939, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé ṣe parí. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló rí ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á máa kọ ìtàn sínú ìwé.

Ìtàn náà dá lórí àkọ́bí olówó kan, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kó mu ẹmu lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tó ní 560,000 igi ọ̀pẹ, pẹ̀lú adẹ́mu tó ń dá akèrègbè 150 láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́. Bàbá kú. Ní oṣù kẹfà, adẹ́mu já bọ́ látorí ọ̀pẹ, òun náà kú. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a mu kò yọjú mọ́. Ni ọ̀mùtí bá mú ọ̀nà ìlú àwọn òkú pọ̀n, ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ Faber ní London tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín gan-an. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé ní 1953, ó sì dé èdè Ítálì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nílé, inú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò dùn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, pé ó ń dójú ti ènìyàn dúdú. Tutuola kò bá wọn jà. Ó lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí i nílé ìwé alẹ́, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Nígbà tó yá, ó di sítọ́kípà ní ilé iṣẹ́ rédíò NBC n'Íbàdàn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Mbari, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìtàn náà ṣe eré Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó dojú kọ Agbowó. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni máa bu ẹnu àtẹ́ lù mọ́. Ìtàn nìkan ló kù, ó sì dùn mọ́ àwọn èrò nínú. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ gba ẹni tí kò ka ìwé mẹ́wàá láti wá bá àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó.

Ìbàdàn ló kú sí ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1997, nígbà tó ku ọjọ́ 12 kó pé ẹni ọdún 77. Ẹmu tó dá ní 1952 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Kò tíì kan.