Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Ń Kọ́ Olùkọ́

Ta ni Student tí a máa ń dárúkọ ní kíláàsì sitatísíìkì? William Sealy Gosset ni. Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní 1876. Ó kàwé ní Oxford, ó sì gba iṣẹ́ ní ilé ìpọntí Guinness ní Dublin ní 1899. Ọtí dúdú tí ẹ mọ̀ náà ni mo ń wí.

Ọkà bálì ni ó ń dán wò. Oko ìdánwò kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá pọ̀ rẹpẹtẹ ni ìṣirò ayé ìgbà náà wà fún. Kí ni ẹni tí iye mẹ́rin péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe?

Gosset kò ní kọ̀ǹpútà. Ó kọ gíga àwọn ọ̀daràn 3,000 àti gígùn ìka àárín ọwọ́ òsì wọn sára páálí, ó pò wọ́n pọ̀, ó sì ń fà wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin títí ó fi di ìdì 750. Èsì rẹ̀ bá ohun tí ó ti rò mu. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1908. Orúkọ Student ni ó lò, torí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lo orúkọ ara rẹ̀.

Lóde òní, ọmọ a tẹ bọ́tìnì, èsì a jáde, kò ní mọ ibi tó ti wá. Èyí ń bà mí lẹ́rù. Ètò kọ̀ǹpútà R, tí a kì í san kọ́bọ̀ fún, ní àkọsílẹ̀ oorun aláìsàn 10 tí Gosset lò nínú: ẹ tẹ sleep, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n páálí ni mo kọ́kọ́ ń ní kí wọ́n gé. Wọn a kùn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà yóò fa 750 náà kí a tó ṣẹ́jú.

Gosset kú ní 1937 lẹ́nu iṣẹ́ Guinness kan náà.