Cardini: Ẹni Tó Fi Ìbọ̀wọ́ Dárà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi fídíò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi káàdì dárà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Richard Pitchford, tí ayé mọ̀ sí Cardini. Ọdún 1895 ni wọ́n bí i ní Wales. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó di sójà. Nínú yàrà ojú ogun ló ti ń fi káàdì dánra wò. Òtútù kò jẹ́ kó bọ́ ìbọ̀wọ́, ló bá kúkú kọ́ ọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó lọ sí Amẹ́ríkà, òun àti Swan ìyàwó rẹ̀ sì jọ ń ṣeré lórí ìtàgé. Á ṣe bí ọ̀mùtí, káàdì á máa yọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, á wá dà bíi pé ó ń ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó kú ní 1973.

Fídíò dára, a lè dá a dúró ká tún un wò. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè mọ̀ pé ẹni tó mọ ibi tí ahọ́n ń kàn kò tíì mọ ìró yẹn pè. Àpètúnpè ló ń jẹ́ kó mọ́ ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ rí.