ZORA NEALE HURSTON, AKÓJỌ-ÀLỌ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní ìdálẹ̀, ìtàn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà nìyí. Alabama ni wọ́n ti bí Zora ní 1891, ṣùgbọ́n Eatonville, ìlú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Florida, ni ó dàgbà sí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń pa àlọ́. Ìyá rẹ̀ kú ní 1904, ilé-ìwé sì di ìṣòro fún un. Ní 1917, ó yọ ọdún mẹ́wàá nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó lè wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Baltimore. Èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́fà kò lè bá a wí.

Ó lọ sí yunifásítì Howard, lẹ́yìn náà Barnard ní New York, ó sì gboyè ní 1928. Ọ̀jọ̀gbọ́n Franz Boas kọ́ ọ ní ìmọ̀ àṣà ẹ̀dá. Òun fúnra rẹ̀ da ìwé kíkọ, orin àti eré orí ìtàgé pọ̀ mọ́ ọn, ó padà lọ kó àlọ́ àwọn ará ilé jọ. Ìwé rẹ̀, Mules and Men, jáde ní 1935.

Èyí tó kàn wá gan-an ni ti bàbá arúgbó Kossola. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òní. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó o lẹ́rú, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Mobile ní 1860, nígbà tí òfin ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Zora wá a lọ ní 1927, ó ń gbé èso lọ fún un, ó ń gbọ́ ẹnu rẹ̀. Àwọn tí yóò tẹ ìwé náà ní kí ó tún èdè bàbá ṣe, ó kọ̀. Ọdún 2018 ni ó tó jáde.

Zora kú ní 1960 láìní owó lọ́wọ́. Ìdáwó ni wọ́n fi sin ín (àwa ẹlẹ́gbẹ́ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́), kò sì sí òkúta lórí ibojì rẹ̀ títí Alice Walker, òǹkọ̀wé, fi wá a rí ní 1973.