Ọmọ Òṣoògùn àti ọ̀rọ̀ àkọ́bí

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní Ìjìó níbí, kí ọmọ tó là lójú la ti pín ìwà fún un. Ìdòwú? Olóríkunkun ni. Àkọ́bí? Òun ni kó máa ru ẹrù ilé. Àbíkẹ́yìn? Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré. Bẹ́ẹ̀ àwa kan náà la sọ pé Táíwò tó kọ́kọ́ jáde ni àbúrò. Mo kàwé òfin, mo mọ̀ pé àṣà wa fi dáwódù ṣe olórí ẹbí lẹ́yìn ikú bàbá. Ipò nìyẹn o. Ìwà ńkọ́?

Ẹ wo ọmọ Òkè-Ògùn wa kan. Òṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1809. Wọ́n sọ ọ́ ní Àjàyí torí pé ó dojú bolẹ̀ wáyé. Ní 1821 ogun kó ìlú náà. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì. Ọ̀kan kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín iṣu. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin. Ta ló bèèrè ẹ̀gbọ́n àti àbúrò níbẹ̀?

Wọ́n tà á títí ó fi dé ọwọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀ lójú òkun, ó kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, tó ṣèrìbọmi ní 1825, tó di Samuel Crowther. Asano tó fẹ́, ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀ ni. Ní August 1846, l'Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún 25. (Ẹ ṣáà rò ó wò.) Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Àwọn ọmọ rẹ̀ wá ńkọ́? Josiah gba ìdí òwò lọ. Abigail ló bí Herbert Macaulay. Dandeson, àbíkẹ́yìn, tí ìbá máa ṣeré, òun ló di àlùfáà bíi bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì fojú bàbá gbolẹ̀ ní 1890, tí bàbá sì kú ní December 31, 1891, Dandeson ló ṣáájú àwọn ìjọ Niger Delta tí wọ́n yà kúrò lábẹ́ wọn.

Ní 1996, Frank Sulloway, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé àkọ́bí máa ń gbè sẹ́yìn aláṣẹ, àbúrò ló ń ṣọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn onímọ̀ kan yẹ èèyàn tó lé ní 20,000 wò ní Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Jámánì. Wọn ò rí ipa kan gbòógì tí ipò ìbí ní lórí ìwà. Ti làákàyè tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Èmi ò yà lẹ́nu.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń fi ìgbàgbọ́ yìí pín owó iléèwé. Mo ti jókòó níbi ìpàdé ẹbí kan tí wọ́n ti ní kí àkọ́bí obìnrin fi ìwé sílẹ̀, kó lọ máa bá ìyá rẹ̀ ta gàrí, kí àwọn àbúrò lè kàwé. Wọ́n ní sùúrù ti mọ́ ọn lára láti inú oyún. Ọmọ ọdún 15 ni. Kò sẹ́ni tó bi í.